Ihò Imú Ọkọ̀

Ní Kalama, létí aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ṣílè,
òjò kì í ṣe ẹni à ń retí.
Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ gbó.
Ẹni tó bá gun òkè á máa mí hẹlẹhẹlẹ,
mọ́tò náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ.
Ìyẹn la ṣe ń lọ bá Ermelinda
kó bá wa fẹ ihò imú ọkọ̀ wa.

Páìpù kúkúrú ni Yerko rà,
ó ń dán bí eyín wúrà,
fílítà pupa lórí rẹ̀ bí ogbe àkùkọ.
Ó tẹ iná, ọkọ̀ bú ramúramù,
ajá àdúgbò wọ abẹ́ tábìlì.
“Ẹ gbọ́ agbára?”
Ermelinda fọwọ́ kan irin náà, ó fà á yọ kíá.
“Ariwo ni mo gbọ́.
Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà símú.
Ta ní í fi orí bọ ìkòkò gbígbóná
kó tó sáré?”

Ti Dagoberto gùn, ó sì tún tẹ̀:
ó gba ẹ̀yìn iná iwájú,
ó na imú sísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti tutù.
Ermelinda fúnra rẹ̀ ló dè é.
Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ yẹn gun òkè bí ewúrẹ́.
Mo wà níbẹ̀. Mo jowú.

Èmi? Àpótí dúdú tó bá ọkọ̀ bàbá mi wáyé,
fílítà bébà tí mò ń gbọ̀n mọ́ orúnkún,
tí yanrìn ń dà yàà.
Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí.

Oṣù kejì, òjò rọ̀ lórí òkè,
odò tó ti kú láti ìgbà ìbí mi jí.
Omi ò tiẹ̀ dé orúnkún.
Dagoberto wọ̀ ọ́ níwájú wa,
páìpù gígùn tẹ orí ba, ó mu.
Kọ̀ọ́!
Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́.

Okùn ni mo fi wọ́ ọ délé.
Ermelinda tú ẹ́ńjìnnì, ó gbé irin tó ti wọ́ sókè,
ó wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà.
“Èmi ni mo dè é,” ló wí.
Kò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ kẹta, mo yọ́ lọ bá a.
Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú:
“Ẹ jọ̀ọ́, èló ni gígùn yẹn?”