Ìbọ̀wọ́

N kò ní purọ́ pé ebi ló pa mí.
Mo ti jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo mu tíì.
Òtútù ló wà níta ní Hull, òtútù odò Humber
tí í gba ẹnu bàtà wọlé bí àlejò tí a kò pè,
mo sì rí ìbọ̀wọ́ olówùú dúdú kan lórí àtẹ,
ó rọ̀ bí etí ọmọ ológbò.
Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án.
Pọ́n-ùn mọ́kànlá wà lápò mi.
Mo tì í bọ inú kóòtù, mo rìn jáde.
Títí dòní n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà.
Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n tẹ ìka mi mọ́ dígí,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
ọwọ́ lásán, ọwọ́ tó ṣì tutù.
Adájọ́ obìnrin náà wo aago, kò wo ojú mi:
ọgọ́rin pọ́n-ùn.
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀.
Ọjọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, mo ra ẹja díndín,
mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró létí odò,
mo ní: ó tán.

Bàbá mi a máa pa á lówe ní Ìfẹ́wàrà:
ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan,
bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.
Mo rò pé ẹrù ilé ni òwe yẹn,
pé mo ti fi í sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú,
pé kò ní físà.
Àṣé ó ti débí ṣáájú mi,
ó ti gbọ́ èdè òyìnbó,
ó ti wọ iṣẹ́ ìjọba.

Ìyáàfin Thirkell, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
ṣí ìwé náà sórí tábìlì bí ẹni ń ṣí ọgbẹ́ ẹlòmíràn.
Ó ní òun fẹ́ràn mi. Ó ní òun kọ́ ló ṣòfin.
Ó fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé:
fún ẹni tó fẹ́ ta bàtà, lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀ràn ti kú;
fún ẹni tó fẹ́ wẹ arúgbó,
ó di ọdún mọ́kànlá kí ìwé tó panu mọ́.
Mẹ́sàn-án ti lọ. Méjì ló kù.
Mo ní, lẹ́yìn náà, ṣé wọ́n á pa á rẹ́?
Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní rárá,
ọlọ́pàá á fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ wọn
títí n ó fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọgọ́rùn-ún!
Ta ló ń gba irú àdúrà ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀ fún mi?
Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la.
Ẹ bá mi ka iye ọ̀la tó wà nínú ọgọ́rùn-ún,
nítorí ìbọ̀wọ́ tí n kò tilẹ̀ wọ̀,
tí wọ́n gbà padà, tí wọ́n tún gbé sórí àtẹ,
tí ẹlòmíràn sì rà lọ.

Mo rìn padà sílé nínú òjò wíníwíní.
Bàbá Ernest, aládùúgbò mi, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè mí.
Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́rùn mi láti ọdún tó kọjá,
okùn bàtà ló fi so ó fún mi.
Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó tutù. Mo gé èékánná rẹ̀.
Mo sọ fún un; n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.
Ó ronú títí. Ó ní,
ṣé ó bá ọ lọ́wọ́ mu?
Mo ní n kò mọ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó ti tutù jù,
ó ní, Maureen, tìrẹ wà nínú dúrọ́ọ̀, lọ mú un wọ̀.

Tó bá dọ̀la, yóò ti gbàgbé gbogbo rẹ̀.