Àtùpà Ẹlẹ́nu Mẹ́sàn-án

Ètè gbogbo wa ti sán lọ́wọ́ ọyẹ́ ní Òkèṣà, nÍléṣà,
lọ́jọ́ tí Màmá Rífíkà, ìyàwó ẹnjiníà tó ń la ọ̀nà Àkúrẹ́,
wá bá bàbá mi ní ìsọ̀ páànù:
"Rọ àtùpà kan fún mi, ẹlẹ́nu mẹ́sàn-án."

Alẹ́ mélòó lọdún yín? Mẹ́jọ.
Ta ló wá ni ẹnu kẹsàn-án?
"Ìránṣẹ́ ni. Òun ló ń tan ìyókù.
Gbé e ga jù wọ́n lọ."
Bàbá mi, tó ti ṣọmọ-ọ̀dọ̀ rí,
dá òòlù dúró.

Ó ní ọba àjèjì kan ba tẹ́ḿpìlì wọn jẹ́;
wọ́n jà, wọ́n gbà á padà, wọ́n gbálẹ̀,
òróró mímọ́ tó kù kò ju ti ọjọ́ kan.
Ó jó ọjọ́ mẹ́jọ.
Ìyá mi, tó ń fi ìdérí wọn kẹrosíìnì, ní:
"Irú ìgò wo nìyẹn?"

Iná kan lójú fèrèsé, kí èrò ọ̀nà lè rí i.
Ó rin ewùrà, ó dín in.
Òjòjò tiwa ni, àmọ́ ó bu ṣúgà lé e.
A ta òkòtó onígun mẹ́rin, a fi ẹ̀pà jẹ tẹ́tẹ́.

Wọ́n ti lọ tipẹ́.
Bàbá rọ ìkejì pamọ́.
Bí iná ìjọba bá lọ,
ẹnu ìránṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń tàn.