Bọ́tìnnì Ìdádúró

Bátìrì mẹ́rin ń yá oòrùn lójú fèrèsé;
Tísà Obájémù ti fi eyín tẹ̀ wọ́n lánàá.
Ní Ponyan, iná mànàmáná kì í ṣe ẹni à ń dúró dè.

Ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ka orí tábìlì,
ìdérí rẹ̀ ti kán, rọ́bà ló fi dè é lẹ́nu.
Ohùn ìyá àgbà kan jáde, ó ń ta bí epo lórí iná:
"Okun o, ẹ̀yin ọmọ.
Mo wọ ọkọ̀ lọ bá ọkọ mi lóko,
mo gbàgbé ọkọ́ sílé, ni mo bá —"

Kẹ̀.
Tísà ti tẹ̀ ẹ́ pa.
"Ó bá ṣe kí ni?"

Ọwọ́ nà sókè bí ọwọ́ iṣu tó ń wá ọ̀pá.
"Ó padà sílé!" "Ó yá ti aládùúgbò!"
Ẹnì kan ní ọ̀kọ̀ ni ìyá gbàgbé;
a rẹ́rìn-ín títí: ta ní ń fi ọ̀kọ̀ kọ ebè?

Bọ́sẹ̀dé, tí kò tíì la ẹnu
láti ìgbà tó ti Ìlọrin dé,
dìde lẹ́yìn pátápátá:
"Màmá mi àgbà nìyẹn."

Iná pupa kékeré náà ń kú lọ.
Tísà kò tẹ nǹkan kan mọ́.
Ó fa àga fún un.
"Ó yá, bá wa parí ẹ̀."