Ihò Tó Gba Àtàǹpàkò

Ilé ìhunpò àtijọ́ ni, ní Dundee, létí odò Tay,
bíríkì tí èédú ti sọ di dúdú, alájà mẹ́rin.
Àwọn ìyá ìyá wọn hun àpò ìdọ̀họ níbẹ̀ títí etí wọn fi di,
ètè àti ìka ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ.
Lónìí, àwọn tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ ló wà nísàlẹ̀,
àjà kẹta jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe àga onítìmùtìmù,
lókè pátápátá, àwọn èèyàn ń sùn.

Ishbel Petrie ni orúkọ obìnrin tó ń dí ihò.
Èmi ni mo ń bá a gbé àkàbà.
Kì í wo ẹwà ilé. Orí rẹ̀ á kàn wọ inú òkùnkùn,
tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, èébú lẹ́nu:
"Púlọ́ńbà lu ògiri, ó gbowó rẹ̀, ó lọ.
Ta ló rò pé yóò bá òun dí i?"

Ó kọ́ mi pé iná kì í kánjú bí a ti rò,
pé ó ń ti ilẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí olè,
èéfín ló sì máa ń rán ṣíwájú.
Ó fi ọ̀dà kan hàn mí tí ooru kò gbọdọ̀ kàn:
á wú bí ìyẹ̀fun tó rí ìwúkàrà,
á fi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.
Ilẹ̀kùn wúwo tí gbogbo ayálégbé ń fi agolo ọ̀dà tì sílẹ̀,
ó ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú nìyẹn.
"Ìṣẹ́jú mélòó lo rò pé arúgbó fi ń wá bàtà?"

Mo sọ fún un nínú ọkọ̀, bí òjò ti ń rọ̀,
pé bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.
Ó ní òun kò rí aláǹgbá rí láyé òun.
A rìn tó máìlì méjì kó tó tún sọ̀rọ̀:
"Ẹ̀yin náà ti ń dí ihò látijọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì kan, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
a rí i, níbi tí àjà kẹta ti pàdé ìkẹrin:
wáyà tuntun kan, ẹni tó fà á ti lu ihò jù fún un.
Àtàǹpàkò mi wọ̀ ọ́ ṣinṣin.
Ọ̀dà wa ti tán.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ihò kan, ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú ni iná sọ nínú tìmùtìmù.
Ó jó àga mọ́kànlá.
Ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó dúró.
Ó gun páìpù, ó bá ọ̀dà tó ti wú, ó padà.
Ó ń bẹ ògiri, ó ń halẹ̀ mọ́ ògiri,
ògiri ò dá a lóhùn.
Èèyàn mẹ́tàdínlógún sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ìsùn,
ọ̀kan gbé ológbò, ọ̀kan gbé àwo ẹja.
Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn kí ògiri.
Ta ní í kí ògiri?

Ṣùgbọ́n èéfín rí ihò wa.
Ó gba ibẹ̀ bí òwú ti ń gba ojú abẹ́rẹ́,
ó wọ yàrá Wattie Geekie, ẹni ọgọ́rin ọdún,
tó ti yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ sórí tábìlì kó tó sùn.
Àwọn panápaná gbé e jáde. Kò kú.
Ohùn tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kò bá a jáde.

Ọjọ́rú ni wọ́n tó jẹ́ ká wọlé.
Ishbel gun àkàbà.
Ó ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ihò náà, ó fi í síbẹ̀,
ó pẹ́.
Mo di àkàbà mú, mo ń wo bàtà rẹ̀.
Nígbà tó yá ó na ọwọ́ kejì sísàlẹ̀, kò wò mí,
mo sì gbé ọ̀dà lé e.