Ọgọ́ta Sẹ́ǹtì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo pe adójútòfò.
N kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi fèrè dá mi dúró,
mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ní Duluth,
yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì,
káàdì wọn wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà rẹ̀ gùn ju sùúrù mi lọ.

"Orúkọ?" Verna Kettunen.
"Iṣẹ́?" Mo ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé.
"Kí ló ṣe yín?"
Bọ́ọ̀sì yọ̀ lórí afárá lóṣù Kejìlá,
ọmọ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀,
ó yípo lẹ́ẹ̀kan,
irin etí afárá nìkan ló gbà wá lọ́wọ́ adágún.
"Ta ló kú?" Kò sẹ́ni tó kú.
"Egungun wo ló ṣẹ́?" Kò séyìí tó ṣẹ́.
Mo gbọ́ ìka rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tà-tà-tà,
bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù.

Òfò tí kò kú, tí kò ṣẹ́,
báwo la ṣe ń dójú tì í?

Rochelle lorúkọ ọmọ náà, Nebraska ló wà, kò ṣèkà.
Ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn kíkorò:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là àkọ́kọ́, àpò yín ni yóò ti jáde.
Lẹ́yìn ìyẹn a ó máa san, ẹ̀yin a máa fi ogójì kún un,
bí oníṣègùn ọkàn náà bá wà nínú ìwé wa.
Àwọn tó wà nínú ìwé wa kò ní àyè títí di oṣù Kẹfà.
Ẹni tó ní àyè kò sí nínú ìwé wa:
ọgọ́sàn-án dọ́là ni, fún wákàtí kan,
wákàtí náà sì jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú.
Mo ní, ta ló jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù?
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú tì mí.
Adójútòfò, òfò kọ́ lo dójú tì.

Dwayne Maki, tó ń tún táyà ṣe ní gáréèjì wa, ló sọ fún mi:
"Lọ sí yunifásítì. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ń gbọ́ tẹni,
ọ̀gá wọn wà lẹ́yìn wọn. Mú ìwé owó oṣù rẹ dání,
wọ́n á gé owó náà bá ọ mu bí aṣọ."
Kò wò mí lójú. N kò bi í bó ṣe mọ̀.

Wọ́n wo ìwé mi. Ọgbọ̀n dọ́là.
Mo lè san ìdajì báyìí, ìdajì lọ́jọ́ tí mo bá gbowó.

Maren ló gbà mí wọlé. Ọmọdé ni. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.
Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù mí.
Mo bẹ̀rẹ̀ níbi owó:
ọgọ́ta sẹ́ǹtì ni ìṣẹ́jú kan, ọmọ mi, má jẹ́ ká fi ṣòfò.
Ó ní, "Ó dáa." Ó sì dákẹ́.

Mo wo aago. Ọgọ́ta. Ọgọ́fà. Ọgọ́sàn-án,
iye kan náà, àmọ́ sẹ́ǹtì ni lọ́tẹ̀ yìí.
Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ọwọ́ mi di ìtọ́kọ̀ tí kò sí níbẹ̀ mú,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ náà, láti ìjókòó iwájú.
N kò ka owó mọ́.

Mo ti ka mẹ́sàn-án kí àkókò tó pé.
Ó ku méje.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.