Ilẹ̀ Ń Yọ̀

Wọ́n ní kí n gbé awò sójú, kí n ṣáà máa rìn
láti ẹnu ọ̀nà kejì títí dé etí ojú irin,
kí awò náà lè gbé ibùdókọ̀ Seomyeon mì:
àtẹ̀gùn, iná, ẹ̀rọ tó ń ta omi tútù.
Owó wákàtí mẹ́ta. Mo gbà á.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Gwak Malsun.
Aago márùn-ún ìdájí, ó ti nu ilẹ̀ tán,
ó bọ́ bàtà, ó fi orúnkún há ọ̀pá ìnulẹ̀,
ó sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.
Mo kọjá. Awò mi kò kọjá.

Ní Daegu, àna rẹ̀ wọ awò ńlá tirẹ̀,
ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń ṣe fàájì káàkiri Busan.
Ó dé ìdí àga onírin kan, ó dúró.
Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ rèé,
ẹni tó ní ìwé owó lòun ń kọ ní ọ́fíìsì.
Ó yí i po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹni tó sùn kò lè fọwọ́ bojú.
Awò kan ṣoṣo tú awo ọdún mọ́kànlá.

Wọ́n ní àwọn á pa á rẹ́ bó bá kọ̀wé,
ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ra awò,
kó fi wá ojú ara rẹ̀ kàn níbẹ̀.
Owó oṣù mẹ́rin.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ta ni?

Lánàá mo bá a pàdé, n kò wọ nǹkan kan sójú.
Ó kí mi.
Ó ní kí n rọra, ilẹ̀ ń yọ̀.