Ìránṣẹ́ Tó Ń Ju Àmì Nù

Ní Tartu, lóṣù Kejìlá, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ilẹ̀ ń ṣú.
Yìnyín ti bo kẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan so mọ́ òpó iná.
Lájà kẹrin, Leelo Kuusemäe jókòó ti fèrèsé,
ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn, kọfí tó ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ó ń ka kóòdù tó kọ lọ́dún méje sẹ́yìn
bí ẹni ń ka lẹ́tà tó kọ nígbà tí ọtí ń pa á.

Kóòdù náà kò ju ìránṣẹ́ lọ.
Òun kọ́ ló mọ nǹkan. Sáfà ló mọ nǹkan,
sáfà tó wà nínú yàrá tútù níbì kan,
tó to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni to igi ìdáná de òtútù.
Ìránṣẹ́ á gba ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ, á sáré, á kanlẹ̀kùn,
á mú ìdáhùn bọ̀.
Leelo kọ ọ́, ó gbé e sí gbangba: ẹni tó bá wù, kó mú.
Ilé ìfowópamọ́ kan ní Helsinki mú un.
Ilé ìwòsàn mú un.
Kò sẹ́ni tó kí i pé ó kú iṣẹ́.

Àfi lánàá, tí lẹ́tà dé láti Hiiumaa,
lọ́wọ́ bàbá kan, Aadu Pihlak, tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé:
“Mo ní kó bá mi wá erékùṣù. Ojúgun ló gbé wá.”

*Saar* ni erékùṣù lédè wọn. *Säär* ni ojúgun.
Àmì tí kò ju ojú eṣinṣin lọ ló là wọ́n.
Èmi tí mò ń ròyìn yìí, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé fún mi.
Ẹ yọ àmì orí ọkọ́ kúrò, kẹ́ ẹ wò ó
bóyá ẹ ó rí i fi roko.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Èyí, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán an, ó fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Leelo rí i ní ìlà igba ó lé méjìlá.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Láyé ìgbà náà sáfà kò mọ àmì kà,
ló bá ní kí ìránṣẹ́ máa bó o sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà.
Sáfà ti kọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta. Ta ló sọ fún ìránṣẹ́?

Ó pa ìlà náà rẹ́. Ìdánwò mẹ́ta pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún.
Ó tún un ṣe. Méjì pọ́n.
Ojārs, ọmọkùnrin Riga tí kò rí rí,
fi ẹgbẹ̀ta ìlà ránṣẹ́: “Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ.”
“Mi ò bẹ̀ ọ́.”
“Ìránṣẹ́ rẹ ń ṣílẹ̀kùn, kì í tì í.
Bí sáfà bá sùn, á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.”
Ó bínú, ó jáde lọ ra búrẹ́dì, ó padà.
Nínú ẹgbẹ̀ta ìlà, ó mú mẹ́rin.
Ó sọ fún ìránṣẹ́: ka ení dé àrún.
Bí wọn ò bá dáhùn, tilẹ̀kùn wọn, kó o padà wá sọ òótọ́ fún mi.
Ó kọ orúkọ Ojārs ṣáájú tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Aadu fèsì:
“Erékùṣù ti dé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo.”

Leelo rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń gbọn yìnyín kúrò lórí kẹ̀kẹ́,
ó ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.